Ọmọ Tuntun Ò Tíì Yàgbẹ́: Kí Ló Dé?

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rẹ́rìn-ín: ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní ilé yín, ìgbà wo ló kọ́kọ́ yàgbẹ́?

A máa ń béèrè orúkọ, a máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìgbẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó dúdú tó ń fà bí ọ̀dà, èmi náà ò kà á sí nǹkan kan kí n tó ṣe ètò yìí. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tí oṣù wọn pé ló ń yà á láàárín wákàtí 24. Tó bá ti kọjá wákàtí 48, dókítà gbọ́dọ̀ rí ọmọ náà.

Ọ̀kan nínú ohun tó lè fà á ni àìsàn Hirschsprung. Orúkọ Harald Hirschsprung, dókítà ọmọdé ní Denmark tó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1886, ni wọ́n fi pè é. Nínú ọmọ 5,000, nǹkan bí ẹyọ kan ni wọ́n ń bí i mọ́.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lára ìfun tó dà bí ọlọ́pàá ojú pópó: àwọn ló ń sọ fún ìfun pé kó fún, kó dẹ̀, kí ìgbẹ́ lè kọjá. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, wọ́n máa ń rìn láti òkè ìfun wá sísàlẹ̀. Nínú àìsàn yìí, wọn ò dé ìparí. Apá ìsàlẹ̀ kò lè dẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá bẹ̀rẹ̀. Ikùn á wú, ọmọ á kọ ọyàn, á máa bì èébì aláwọ̀ ewé.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Kì í ṣe oúnjẹ tí ẹ jẹ ló fà á. Àgbo ò sì lè dá sẹ́ẹ̀lì tí kò sí padà. Àkókò ló ń fi ṣòfò.

Ní ọsibítù, wọ́n á gé bíńtín lára ìfun láti yẹ̀ ẹ́ wò. Tí sẹ́ẹ̀lì náà kò bá sí, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ: wọ́n á gé apá tí kò ṣiṣẹ́ kúrò, wọ́n á fa èyí tó dáa wálẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pàápàá, bí ara ọmọ bá gbóná, tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń ya ìgbẹ́ olómi tó ń rùn burúkú, ẹ sáré gbé e padà lọ́jọ́ náà. Ó lè pa ọmọ.

Bí ọ̀rẹ́ yín bá bímọ lọ́la, ẹ kí i kú ewu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá ọmọ ti yàgbẹ́, kó sì kọ aago rẹ̀ sórí fóònù.