Awò Ìdáàbòbò Ojú fún Iṣẹ́ Ìjórin Onílésà

Àwọn kókó pàtàkì

• Ìmọ́lẹ̀ lésà tí a fi ń jó irin lè ba ojú jẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ìbàjẹ́ náà sì lè wà títí ayé.
• Ojú kò lè rí ìmọ́lẹ̀ yìí, ìpalára rẹ̀ sì lè má mú ìrora kankan lọ́wọ́.
• Gíláàsì dúdú tí àwọn wẹ́dà ń lò fún iná mànàmáná kò tó láti dènà lésà.

Bí lésà ṣe ń pa ojú lára

Agbára ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ lésà tí a ń fi ọwọ́ dì mú jó irin wà láàárín 1,000 sí 2,000 wáàtì. Ìpele kẹrin ni wọ́n wà, èyí tí ó léwu jùlọ láàárín àwọn lésà.

Ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ wọn sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 1,070 nánómítà (nm). Ìmọ́lẹ̀ náà a máa gba iwájú ojú wọlé. Lẹ́ńsì ojú a sì kó o jọ sórí awọ ìríran tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú, ibẹ̀ ni yóò ti jó o. Awọ yìí kì í mọ ìrora. Kò di ìgbà tí ènìyàn bá wo ẹnu ẹ̀rọ: irin dídán lè ta ìmọ́lẹ̀ náà padà sí ojú ẹni tí ó kàn dúró nítòsí.

Yíyan awò tí ó yẹ

Dídúdú awò kọ́ ni a fi ń mọ agbára rẹ̀. Ohun méjì ni kí ẹ wò lára rẹ̀:

• Ìgùn ìgbì: nọ́ńbà tí a kọ sí ara awò gbọ́dọ̀ kó ti ẹ̀rọ náà mọ́ra. Awò tí a ṣe fún 10,600 nm nìkan kò wúlò fún 1,070 nm.
• Lẹ́tà OD: èyí ń sọ bí awò ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tó. OD 6 ń jẹ́ kí ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù kan kọjá. Ìwé ìlànà ẹ̀rọ ni yóò sọ iye tí ó yẹ.

Awò náà gbọ́dọ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ojú pẹ̀lú. Ẹ wọ ìbòjú wẹ́dà lé e nítorí ẹ̀ta iná àti ìtànṣán mìíràn. Gbogbo ẹni tí ó bá wà níbi iṣẹ́ ni kí ó lo awò. Ẹ má ṣe lo èyí tí ó ti sán tàbí tí ó ti ha. Bí ẹ tilẹ̀ wọ awò, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ìtànṣán lésà.

Bí lésà bá kan ojú

Àwọn àmì rẹ̀ ni kíkọ mànà lójijì, àbààwọ́n dúdú ní àárín ohun tí a ń wò, tàbí kí ìríran ṣe bàìbàì. Ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ má ṣe ra ojú, ẹ má ṣe kán àgbo, omi ọmú tàbí omi ṣúgà sí i. Ẹ lọ rí dókítà ojú ní ọjọ́ náà gan-an.

Fún òṣìṣẹ́ ìlera

Ẹ bèèrè irú ẹ̀rọ tí aláìsàn lò, ìgùn ìgbì rẹ̀ àti àkókò tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ yẹ ìríran ojú kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú tí kò pọ́n tí kò sì ro ṣì lè ti jóná nínú. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá aláìsàn padà sílé láìjẹ́ pé dókítà ojú ti yẹ ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀ wò.