Ìdí Tí Awò VR Kò Fi Tíì Wọ Ilé Wa

Kò sí ohun èlò iná tí ẹ kò ní rí ní ọjà Alábà International tó wà ní Ojo, l'Ékòó. Tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀, bátìrì sólà, fóònù, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn oníṣòwò ti ń kó wọn lọ sí Kútọnu àti Togo. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó lówó jù láyé ti náwó lé lórí fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, tí kò tíì di ohun tí ìdílé kan ní Ìbà máa tìtorí rẹ̀ tọ́jú owó. Awò VR ni, awò ńlá tí wọ́n ń dè mọ́ orí, tó máa ń bo ojú méjèèjì, tó sì ń mú kó dà bíi pé inú ayé mìíràn lèèyàn wà.

Inú rẹ̀ ni ojú tẹlifíṣọ̀n kékeré wà, àwòrán kan fún ojú ọ̀tún, òmíràn fún tòsì. Àwòrán méjèèjì kò bára mu tán, ìyàtọ̀ díẹ̀ yẹn sì ni ọpọlọ fi ń mọ ohun tó sún mọ́ni yàtọ̀ sí èyí tó jìnnà. Kámẹ́rà ń ṣọ́ orí ẹni: bí ẹ bá yíjú, àwòrán gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú yín kí ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan tó kọjá. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ara á fura. Irú awò tó ń da àwòrán pọ̀ mọ́ yàrá tí ẹ wà gan-an máa ń fi kámẹ́rà gbé iwájú yín wá sínú awò.

Ara gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ fóònù nínú dánfó láti Okokomaiko dé Mile 2 mọ bí òòyì ṣe ń kọ́ni. Omi inú etí ń sọ pé à ń lọ, ojú ń sọ pé ojú kan la wà. Òdì kejì ló ń ṣẹlẹ̀ nínú awò: ojú rí i pé ẹ ń fò kọjá lórí omi, bẹ́ẹ̀ orí àga lẹ jókòó sí. Ọpọlọ kò mọ èyí tí yóò gbà gbọ́, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Ojú náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ na àtàǹpàkò síwájú, kí ẹ máa fà á bọ̀ sọ́dọ̀ imú díẹ̀díẹ̀. Ojú méjèèjì á máa yí sínú, ẹyinjú á sì máa tún ara rẹ̀ ṣe kó lè ríran kedere. Iṣẹ́ méjèèjì máa ń rìn pọ̀ ni. Nínú awò, ojú ń yí sínú, ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo ni dígí rẹ̀ gbé àwòrán sí, nǹkan bíi mítà kan sí méjì. Ìyapa yìí wà lára ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí àti ojú ríro.

Ìwúwo rẹ̀ náà jẹ́ ìṣòro. Lọ́dún 1968, èyí tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Ivan Sutherland ṣe l'Amẹ́ríkà wúwo débi pé àjà ni wọ́n so ó mọ́. Meta Quest 3 tó jáde lọ́dún 2023 ti fúyẹ́ dé gíráàmù 515. Apple Vision Pro ti ọdún 2024 lé ní 600, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti yọ bátìrì rẹ̀ sínú àpò, tí bátìrì ọ̀hún kì í sì í lò ju bíi wákàtí méjì lọ. Ẹ gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kọ́ iwájú orí nínú ooru oṣù Ẹ̀rẹ̀nà tí NEPA ti mú iná lọ, òógùn á bo dígí. Obìnrin tó dirun ńlá ńkọ́, tàbí èyí tó wé gèlè? Kò jọ pé wọ́n rò tiwọn mọ́ okùn rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká wo owó rẹ̀. Quest 3S ti Meta, tó rọjú, jẹ́ dọ́là 299 nígbà tó jáde lọ́dún 2024. Bí dọ́là bá wà ní 1,500 náírà, ó lé ní owó oṣù mẹ́fà òṣìṣẹ́ tó ń gba 70,000 náírà tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024.

Síbẹ̀, n kò gbà pé owó ló burú jù, torí a ń rí i tí àwọn èèyàn ń tiraka ra tẹlifíṣọ̀n tó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni kan ra tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ilé á bá a wò ó, ará àdúgbò á yà wá wo bọ́ọ̀lù. Bí ọlọ́jà bá tan án síwájú ṣọ́ọ̀bù, èrò ọ̀nà á dúró wò. Awò VR kò ṣeé pàtẹ báyìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí ohun tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ tí onítọ̀hún ń jù káàkiri nìkan làwọn yòókù ń rí. Ta ló sì máa bojú ara rẹ̀ ní àárín èrò?

Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ tiwa náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Judith Okonkwo dá Imisi 3D sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2016 kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́ iṣẹ́ náà. Lọ́dún 2019, Joel Kachi Benson gba ẹ̀bùn fíìmù VR ní àjọ̀dún Venice, ní Ítálì, fún *Daughters of Chibok*, lórí àwọn ìyá tí wọ́n jí ọmọ wọn gbé. Ó yẹ kí gbogbo wa lè jókòó ti àwọn ìyá wọ̀nyẹn nínú awò, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ní in? Bí awò kò bá pọ̀ nílé, àwọn tó ń ṣe fíìmù àti géèmù kò ní rówó tí wọ́n ná. Bí fíìmù àti géèmù kò bá sì pọ̀, kí ni èèyàn fẹ́ fi awò ṣe?

Níbi tí nǹkan ti rọrùn jù tiwa lọ pàápàá, kò yàtọ̀. Facebook, tó ń jẹ́ Meta báyìí, fi bílíọ̀nù méjì dọ́là ra Oculus, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe awò VR, lọ́dún 2014. Lọ́dún 2024 nìkan, ẹ̀ka Meta tó ń ṣe iṣẹ́ yìí pàdánù ju bílíọ̀nù 17 dọ́là lọ. Google pa awò Daydream tirẹ̀ tì lọ́dún 2019, Microsoft sì dáwọ́ ṣíṣe awò HoloLens 2 tirẹ̀ dúró lọ́dún 2024. Èyí tó wá ń tà báyìí ni awò ojú tí Meta àti Ray-Ban jọ ń ṣe. Gíráàmù 50 péré ni, kámẹ́rà àti ohùn ló wà nínú èyí tó jáde lọ́dún 2023, kò ní àwòrán kankan tó ń bojú. Ó ti tà ju mílíọ̀nù méjì lọ kí ọdún 2025 tó jìnnà, nítorí èèyàn lè wọ̀ ọ́ jáde nílé kó sì máa rí ọ̀nà.