Àlejò Tí Kò Mu Omi

Ní ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ Peace Corps ti Amẹ́ríkà dé Dahomey, tí í ṣe Benin lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń rán lọ síbẹ̀ a máa kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ ẹbí kan láti kọ́ èdè.

Ọjọ́ kìíní kì í rọrùn. Ìyá ilé gbé omi fún àlejò, kò mu ún. Ìgbéraga kọ́ o! Omi tí a sè tí a sì sẹ́ ni wọ́n ní kó máa mu, kí ìgbẹ́ gbuuru má baà mú un. Ìbá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ èdè. Ó na ọwọ́ òsì gba àwo, gbogbo ilé dákẹ́. Nílùú tirẹ̀, ìyẹn kì í ṣe àrífín.

Ọmọdé inú ilé ló ń kọ́ ọ bí a ti ń kí àgbà. Àwa tí a dàgbà kí a tó mọ ìwé, a mọ bó ṣe ń rí lára.