Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn: Èkó 1851 àti Kírìjì

Odò tó sún mọ́ àwa ará Jẹ́ríkò n'Íbàdàn jù ni Ẹlẹ́yẹlé, tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ. Ọkọ̀ apẹja ló gbà, kò gba ọkọ̀ ogun. Síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá di bí ọmọ ogun ojú omi ṣe ń kọ́gbọ́n ìjà, kò yẹ kí Ìbàdàn dákẹ́, ìlú tí jagunjagun tẹ̀ dó ni. Ogun méjì ni mo fẹ́ gbé sórí ìwọ̀n: èyí tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Èkó ní 1851, àti Kírìjì tí àwa àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó para pọ̀, jọ fà, tí wọn ò tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà rẹ̀ títí di 1886.

Lọ́jọ́ 25 oṣù November 1851, Beecroft, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ọ̀gá ọkọ̀ kan kó ọkọ̀ kéékèèké wọ ọ̀sà Èkó, pẹ̀lú ọkọ̀ elééfín tó ń jẹ́ Bloodhound. Wọ́n ta aṣọ funfun, àmì àlàáfíà. Ẹni tó ta aṣọ àlàáfíà tó tún kó ìbọn dání, ta ni yóò gbà á gbọ́? Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, yìnbọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ̀kalẹ̀, wọ́n finá sí ilé díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tóóró tó gba àárín agbo ilé kọjá kò jẹ́ kí wọ́n ríbi gbá mú. Wọ́n padà sínú ọkọ̀, méjì nínú wọn ti kú. Inú Bruce, ọ̀gá àgbà wọn létíkun yìí, kò dùn sí ìkánjú náà.

Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Nígbà tí wọ́n padà dé lọ́jọ́ 26 oṣù December, ọkọ̀ elééfín kejì, Teazer, ti kún ti àkọ́kọ́, àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì, Akítóyè, ọba tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò lórí oyè, tó sì mọ ilẹ̀ Èkó, wà lẹ́yìn wọn. Ṣé ọ̀sà kò mọ ọ̀gá. Teazer ha sórí iyanrìn síwájú àgbá Kòsọ́kọ́ gan-an. Kí wọ́n tó lè gbà á sílẹ̀, àwọn kan ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí àgbá náà, kí wọ́n kan ìṣó dí ihò tí iná ń gbà dé ẹ̀tù. Ibi iṣẹ́ ìṣó yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú òkú wọn sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n yí ọwọ́ ìjà padà: wọ́n dúró sórí omi, wọ́n ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì sáàárín ìlú. Ọ̀kan bọ́ sílé Oṣòdì Tápà, ìjòyè Kòsọ́kọ́, níbi tí wọ́n kó ẹ̀tù sí, ó bú gbàmù, iná sì ràn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́ ti kúrò l'Ékòó.

Ẹ má rò pé Kòsọ́kọ́ sùn. Ó ti ri òpó igi mọ́ inú omi létí bèbè kí ọkọ̀ má baà lè sún mọ́lẹ̀, ó gbẹ́ yàrà, ó to àgbá. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó lò kò kéré sí ti àlejò rẹ̀ rárá. Ohun tí kò ní ni òkun tí ọkọ̀ mìíràn lè gbà wá ràn án lọ́wọ́.

Ìbàdàn náà ti kọ́gbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. L'Óṣogbo, ní nǹkan bí 1840, tí Ìbàdàn bá Ìlọrin jà, ẹṣin ni agbára Ìlọrin. Balógun Odérìnlọ́ kò kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ pàdé ẹṣin ní gbangba ọ̀sán. Òru ni wọ́n já wọ ibùdó Ìlọrin. Ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ní Kírìjì, àwọn tí Ìbàdàn ti lù ló wá gbọ́n jù ú. Ògèdèǹgbé tó ṣíwájú ogun Èkìtìparapọ̀ ti gbé Ìbàdàn rí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jagun níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó sì ń fi ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn ránṣẹ́ sílé. Ẹni tó gbé ṣakabùlà yóò nàró, yóò da ẹ̀tù sẹ́nu ìbọn, yóò ki ọta, yóò fi ọ̀pá gún un. Ẹni tó gbé ìbọn tuntun lè dùbúlẹ̀ sínú yàrà kó máa yìn ín léraléra.

Ìbàdàn rí i, ó sì yé wọn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti dí ọ̀nà Èkó mọ́ wọn. Ìwọ̀nba ìbọn tó yọ́ wọlé, owó gọbọi ni. Ti ọ̀nà yìí nìkan kọ́. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni Látòóṣà tó ṣíwájú ogun Ìbàdàn, oyè tó ní kí ológun gbé ìṣẹ́gun wálé tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ dé. Ọ̀gá ọkọ̀ tó kùnà ní November lè kọ̀wé sí Bruce, kó jẹ ìbáwí, kó sì ṣàlàyé ibi tí ìbọn ti wá. Ta ni Kakaǹfò fẹ́ ṣàlàyé fún? Látòóṣà kú sí ibùdó ní 1885. Àwọn àgbà kan nílùú yìí yóò ní akin nìyẹn. Akin ni lóòótọ́, àmọ́ akin tí kò lè wálé wá ròyìn, kí ni ará ilé fẹ́ rí kọ́ lára rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ kan náà ló dé bá ọmọ ogun ojú omi tiwa lóde òní. Ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, gba Aradu ní 1982, ọkọ̀ ńlá tí wọ́n kàn ní Jámánì láti kojú ọkọ̀ ńlá mìíràn. Ọkọ̀ asáré kéékèèké ni ọ̀tá tó dé, àwọn olè ojú òkun, gbé wá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ kékeré fúnra wọn; Andoni jáde ní 2012. Ní February 2016, àwọn ajalèlókun gba ọkọ̀ epo Maximus lágbègbè Ivory Coast. Gánà àti Tógò ń ṣọ́ ọ bó ti ń kọjá, São Tomé sì gbà kí ọmọ ogun Nàìjíríà lé e wọ omi tiwọn, wọ́n sì gbà á padà. Aládùúgbò ló ṣí ọ̀nà, ohun tí Ìbàdàn kò rí gbà lọ́wọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Síbẹ̀, ní 2020, nínú àwọn atukọ̀ 135 tí wọ́n jí gbé lójú omi káàkiri ayé, 130 jẹ́ ti agbègbè wa yìí. Ìgbà tó di 2019 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní òfin tó dárúkọ olè ojú òkun ní ẹ̀sùn, August 2020 sì ni ilé ẹjọ́ ní Port Harcourt kọ́kọ́ dá àwọn kan lẹ́bi lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí 2021 fi parí, àwọn tí wọ́n jí gbé ti wálẹ̀ sí 57.