Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Eré Abẹ́ Òrùlé fún Ọmọ Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Rìn

Nígbà tí òjò Òkúdù bá ṣú dẹ̀dẹ̀ lórí Ìsọlọ̀, tí ẹrẹ̀ gba ojú títì, tí ọmọ, èjìgbàrà ìlẹ̀kẹ̀, kò rí àgbàlá sáré sí, ẹ má ṣe fi fóònù rẹ̀ ẹ́: Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 kò gbọdọ̀ wò ó ju wákàtí 1 lójúmọ́. Ẹ fi omi po ìyẹ̀fun kó ki, kí ọmọ máa fi mọ ẹyẹ àti ìkòkò; bó ti wù kí ọmọdé mọ ẹ̀kọ jẹ tó, yóò ra á lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìka tó ń po ìyẹ̀fun náà ni yóò di kálámù mú lọ́la. Páálí di ọkọ̀, ike òfìfo di ìlù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọmọ ayò àti ìdérí ìgò jìnnà sí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3, kí ó má baà há a lọ́fun.