Bọ́ọ̀lù Inú Gbọ̀ngàn ní Amẹ́ríkà

Bí ibi ìṣeré bá yí padà, eré pàápàá a máa yí padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, ẹgbẹ́ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ìdíje Major Indoor Soccer League ní Amẹ́ríkà. Ìgbà òtútù ni. Nítorí náà, inú gbọ̀ngàn họ́kì orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá a. Ẹni mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọlé, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Bọ́ọ̀lù tí ó bá lu ògiri tí ó yí pápá ká kò kú. Ńṣe ni ó ń ta padà sínú eré. Ìdí nìyí tí góòlù fi ń pọ̀. New York Arrows ni ó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1979. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ góòlù nìkan kò lè gbé ìdíje ró: ní 1992, líìgì náà kógbá sílé.