Ṣé lẹ́ńsì yín àtijọ́ á ṣiṣẹ́ lórí kámẹ́rà full-frame? Ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó náwó

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ya fọ́tò lóde ìgbéyàwó ní Agége, kámẹ́rà crop, ìyẹn èyí tí sensor rẹ̀ kéré, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí owó bá ti ń wọlé díẹ̀, wọ́n á gba Ìkẹjà lọ wá tòkunbọ̀ full-frame rà. Nígbà tí wọ́n bá sanwó kámẹ́rà tán, owó lẹ́ńsì ò sí mọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé: ṣé lẹ́ńsì àtijọ́ á ṣiṣẹ́ lórí tuntun?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ó lè ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ó níbi tó mọ.

Kí ló ń fa wàhálà?

Sensor ló ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, tó ń sọ ọ́ di fọ́tò. Ti full-frame jẹ́ mílímítà 36 sí 24, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú fíìmù 35mm ayé àtijọ́. Ti Nikon DX tó nǹkan bíi 24 sí 16, ti Canon APS-C sì tó nǹkan bíi 22 sí 15.

Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á rí róbótó. Bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́ńsì ṣe ń tan àwòrán sórí sensor. Sensor kékeré nìkan ni wọ́n ṣe róbótó lẹ́ńsì crop láti bò. Tẹ́ ẹ bá gbé e sórí ńlá, igun fọ́tò á dú bí ìdí ìkòkò.

Oníkálukú pẹ̀lú tiẹ̀

Lẹ́ńsì Nikon DX wọ kámẹ́rà full-frame Nikon. Kámẹ́rà á dá a mọ̀, á sì gé àwòrán sí àárín fúnra rẹ̀. Ti Sony náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ti Canon ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Lẹ́ńsì EF-S ò wọ 5D tàbí 6D rárá. Ẹ má fipá tì í, ìdí rẹ̀ lè gbá dígí inú kámẹ́rà. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ lórí EOS R tẹ́ ẹ bá lo adapter Canon.

Kí lẹ máa pàdánù?

Megapixel 24 tó wà lórí Nikon D750 tàbí Sony A7 III á já sí bíi 10. Ìyẹn ṣì tó fún WhatsApp, fọ́tò inú álíbọ́ọ̀mù, àti fídíò 4K lórí A7 III. Kò tó fún fọ́tò ńlá ara ògiri.

Èyí tó tún dunni jù ni pé, bí fọ́tò ṣe fẹ̀ mọ lórí kámẹ́rà àtijọ́ náà ló ṣe máa fẹ̀ mọ. Ẹni tó ra full-frame torí gbọ̀ngàn tó há tàbí òde alẹ́ tí iná ò pọ̀, kò tíì jèrè owó rẹ̀.

Ìmọ̀ràn wa

Ẹ wo ara lẹ́ńsì: DX tàbí EF-S, ti crop ni. Lórí Sony, FE ni ti full-frame. Ẹ ṣírò owó lẹ́ńsì mọ́ ti kámẹ́rà. 50mm f/1.8 ti full-frame wà lára èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ́dọ̀ Canon àti Nikon, ó sì dára lálẹ́. Ẹ ya ògiri funfun wò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìyàwó ò ní padà síta kó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì torí pé igun fọ́tò dúdú.